Ìkòkò Tó Ń Hó Láìsí Iná

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gba ọ̀nà ahoro kọjá. Kò bá ènìyàn, kò bá ẹranko. Ó bá ìkòkò kan tó ń hó, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ni apọntí ìlú àwọn ẹranko. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn, ọtí àgbàdo tó máa ń kan díẹ̀, tó sì máa ń dùn díẹ̀. Ẹni tó bá mu ún á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, á tún wo inú ahá bóyá nǹkan kù níbẹ̀. Nígbà náà, ọwọ́ Òkété mọ iṣẹ́. Ó mọ iye ọjọ́ tí àgbàdo ń lò nínú omi. Ó mọ òórùn ọtí tó jinná, ó sì mọ òórùn èyí tó fẹ́ tan ènìyàn jẹ.

Nígbà tó yá, odò ìlú náà gbẹ. Gbogbo ẹranko di ẹrù wọn, wọ́n ṣí lọ sí apá kejì òkè. Ẹrù pọ̀ lórí Òkété lọ́jọ́ náà, ìkòkò ọtí rẹ̀ sì tóbi, ó wúwo. Ó wò ó títí, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́la. Ó fi awo bo ẹnu rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ fi etí sí ohun tí Òkété ṣe yẹn. Apọntí tó bá fẹ́ fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, dandan ni kó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, kó fọ̀ ọ́, kó sì da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń jí ọtí tuntun. Ohun tó wà láàyè ni. Òkété fi í sílẹ̀ láàyè, ó jẹ́ kí ẹnu ìkòkò kọjú sókè, ó sì lọ. Ọ̀la tó dá di ọdún méje.

Ní ọdún méje yẹn, Òkété kò pọn ọtí mọ́. Àwọn ẹranko kọ́kọ́ ń bi í ìgbà tó máa padà sídìí iṣẹ́. Nígbà tó pẹ́, wọn ò bi í mọ́. Kò dá oko, kò ta ọjà, ilé onílé ló ti ń jẹun. Nígbà tí ọdún keje ń parí lọ, òjò dá, ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀, kò sì sí hóró àgbàdo kan nínú àká rẹ̀. Ó jókòó, ó rò ó. Ó tún jókòó, ó tún un rò. Ló bá dìde, ó lọ sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n, ẹni tó jẹ́ Baálẹ̀ ìlú wọn.

Ó ní òun fẹ́ padà sídìí ìkòkò òun. Ó ní ọtí ọdún ìkórè tó ń bọ̀ yìí, òun lòun máa pọn ọ́n. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣáà gbé agbọ̀n àgbàdo kan wá, kí wọ́n sì fún òun ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Inú Baálẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dìde dúró. Ehoro, aládùúgbò Òkété, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní ṣé ọwọ́ tó ti sùn fún ọdún méje ṣì lè dá ìkòkò mọ̀ yàtọ̀ sí igbá. Òkété ní kó gbé agbọ̀n tirẹ̀ wá ná, kó fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ sílẹ̀ fún ọlọ́wọ́.

Ogún ilé ló wà nílùú náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan, àfi ilé Òkété tí ẹni méjì wà. Ogún agbọ̀n ló wọ inú àká Òkété. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn tó gbé e wá. Ó gbin ìwọ̀nba àgbàdo sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká gbogbo rẹ̀, ó ní ilé apọntí kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé tí kò mú nǹkan wá.

Ṣé ẹ rò pé Òkété rẹ àgbàdo sómi? Kò rẹ ẹyọ kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi kọjá. Bó bá di ọjọ́ kẹrìnlá, òun á ní ọtí bàjẹ́, pé bí iṣẹ́ tí a ti pa tì tipẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, kí wọ́n má bínú. Ta ló máa lu apọntí nítorí pé ọtí rẹ̀ bàjẹ́? Ó ti ilẹ̀kùn àká mọ́ra, ó fa agbọ̀n tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n irọ́ náà nílò ìkòkò. Wọn ò ní gbà pé ọtí bàjẹ́ bí wọn ò bá rí ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, Òkété mú ọ̀nà pọ̀n, ó gba ẹ̀yìn òkè, ó padà sí ìlú àtijọ́ lọ wá ìkòkò rẹ̀.

Oòrùn ń ràn. Kò sí ẹyẹ kan tó ń ké. Gbogbo ilé ti wó, koríko ti bo ojú ọ̀nà, igi ti yọ láàárín yàrá. Ìdí ààrò Òkété nìkan ni koríko ò hù sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Awo tó fi bo ìkòkò lọ́jọ́sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò fọ́. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìkòkò sì ń hó.

Òkété bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí iná, kò sí eérú. Ó fi ọwọ́ kan ara rẹ̀. Ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó yọjú wo inú rẹ̀. Ọtí kún un dé ẹnu, ó mọ́, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ sì dára ju ti èyíkéyìí tí òun fúnra rẹ̀ pọn rí. Bó ṣe gbé etí sún mọ́ ọn, ó gbọ́ orin. Ẹ máa bá mi gbè é. Ègbè rẹ̀ ni "Ó ń hó."

Ta ló rẹ àgbàdo?
Ó ń hó.
Ta ló sá a sóòrùn?
Ó ń hó.
Ta ló fẹ́ tọ́ ọ wò?
Ó ń hó.
Kó jókòó tì wá.
Ó ń hó.

Òkété wo ẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí inú ìkòkò ṣe máa ń kùn nìyẹn. Ẹ̀rù bà á. Àmọ́ ó rántí àgbàdo inú àká, ẹ̀rù náà sì rọlẹ̀. Ó rí i pé òun kò tilẹ̀ ní láti purọ́ ọtí tó bàjẹ́ mọ́. Òun á fi àgbàdo wọn pamọ́, òun á fún wọn ní ọtí mu, wọ́n á sì tún yin òun sí i. Ó rọ ọtí náà sínú kèrègbè, ó ń gbé e lọ, ó ń padà wá. Iye ìgbà tó bù ú, ìkòkò kò dín. Títí tó fi parí, kò fi ọtí náà kan ahọ́n. Ẹ máa rántí pé Òkété kì í ṣe òmùgọ̀.

Ọjọ́ ọdún pé. Gbogbo ìlú jókòó sábẹ́ igi ọ̀mọ̀. Ní ìlú wọn, apọntí ló ń kọ́kọ́ mu ọtí rẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn. Kí ahá tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ti apọntí á ti kọjá ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bù ú fún Baálẹ̀, á máa lọ láti orí àgbà dé orí ẹni tó kéré jù. Àwọn ará ilé apọntí ló ń gbà á kẹ́yìn. Òkété ti sọ fún Àwẹ̀ró láàárọ̀ pé kó ní inú ń run òun, kó má fẹnu kàn án. Nígbà tó kan òun alára, ó gbé ahá sẹ́nu, ó mi ọ̀fun lókè nísàlẹ̀. Ó wá yí ọwọ́ sẹ́yìn wẹ́rẹ́, ó da gbogbo rẹ̀ sínú iyanrìn. Iyanrìn mu ún.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n mu. Ehoro dìde, ó ní òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ, ọwọ́ yìí kò sùn rárá. Òkété ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń gba ìyìn, ojú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kejì, Òkété jáde ní ìyálẹ̀ta. Ìlú dákẹ́. Ehoro jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò sọ ohunkóhun. Òkété kí i. Ó tó ìgbà tí ènìyàn lè ka ení, èjì, ẹ̀ta kó tó jẹ́. Oòrùn kọjú sí Ehoro gan-an, òjìji ògiri wà nílẹ̀, òjìji ìjókòó wà nílẹ̀. Ti Ehoro kò sí níbẹ̀. Òkété rìn lọ. Gbogbo ẹni tó rí, bákan náà ni. Gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà ahoro, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan ṣoṣo.

Baálẹ̀ Ẹfọ̀n dá a dúró.

"Òkété, kí ni dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yẹn?"

Òkété wo ilẹ̀. "Òjìji mi ni, Baálẹ̀."

"Ṣé kì í dùn ọ́?"

"Kì í dùn mí, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ mi orí bí ẹni tó wá kí aláìsàn. "Pẹ̀lẹ́," ló wí. "Ó máa lọ."

Ara Òkété bù máṣọ. Síbẹ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ lọ́nà pé ẹni tí kò ní òjìji ṣì ní ẹsẹ̀, ó ṣì ní ọwọ́, kí ló wá fi òjìji ṣe. Pé òun ṣáà ní àgbàdo. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ lọ́wọ́ tó fi dé ilé.

Àwẹ̀ró ń gbálẹ̀ níta. Òjìji ìgbálẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí ilẹ̀. Òjìji ẹni tó dì í mú kò sí.

"Àwẹ̀ró, ṣebí mo ní kí o má mu ún."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Mo rí ọwọ́ yín, baálé mi. Mo rí i nígbà tí ẹ dà á sẹ́yìn. Kò tíì sí ìgbà kan tí wọ́n fún ènìyàn lọ́tí láti ilé wa kí ẹnì kan nínú wa má kọ́kọ́ mu ún. Ojú tì mí. Mo bá mu tiwa."

Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, kó jẹ́ kí òun wá nǹkan tó máa fi bì í jáde. Àwẹ̀ró kò gbọ́ mọ́. Ó kọjú sí ọ̀nà ahoro, ó ní àwọn kan ń pe àwọn níbẹ̀. Ó ní bí oṣù tó lé lánàá yìí bá wọ̀, gbogbo àwọn máa lọ, àwọn ò sì ní padà wá. Bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀la lọjọ́ ọjà ló ṣe sọ ọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Òkété sáré dé ahoro láìmí. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Òjìji kún ìdí ààrò, wọ́n tẹ́ yí ìkòkò ká nínú oòrùn, kò sì sí ẹnì kan tó dúró tó ni wọ́n. Òjìji ìwo Baálẹ̀ gun ara ògiri. Etí Ehoro ń mì nílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó rí ti Àwẹ̀ró, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ó wólẹ̀. Ó ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ dárí ji òun, kó dá wọn padà. Ohùn púpọ̀ ló dáhùn láti inú ìkòkò, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀.

"Ibi tí ẹ fi sílẹ̀ làwa ń gbé. O fi ìkòkò sílẹ̀ láàyè, o ṣí ojú rẹ̀ sókè. A rò pé o fún wa ni. A ti ń pọn ọtí fún ọdún méje, kò sí àlejò. Àwọn èèyàn rẹ ti mu tiwa. Àwa ò tíì mu tìrẹ. Gbé e wá kí oṣù yìí tó wọ̀. Ọtí agbọ̀n àgbàdo kan, òjìji kan."

Òkété padà sílé, ó ṣí àká. Agbọ̀n mọ́kàndínlógún ló kún. Nínú èyí tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ṣùkù àti háhá ló kù. Ó ti jẹ ìyókù. Ó lọ láti ilé dé ilé wá àgbàdo. Gbogbo wọn wò ó bí ẹni tó ń béèrè ohun tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó da àgbàdo sómi, ó wá rí i pé òun kò rántí iye ọjọ́ tó ń lò. Ó bi Àwẹ̀ró. Ó dúró, ó dúró, Àwẹ̀ró ní, "Mẹ́ta." Ní ọjọ́ kẹta ó kó o jáde, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó dà á lé e, ó fi ewé mìíràn bò ó, ó ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó hù, ó funfun bí eyín ọmọ tuntun. Òkété gbé odó, ó fẹ́ gún un bẹ́ẹ̀ ní tútù. Àwẹ̀ró, tó dúró kọjú sí ọ̀nà, kò wẹ̀yìn. Ó kàn ní, "Oòrùn." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Òkété sá a sóòrùn títí gbòǹgbò ara rẹ̀ fi ń rún lọ́wọ́.

Ó gún un. Ó sè é láti ìdájí títí oòrùn fi yẹ̀. Èéfín ta á lójú, apá rẹ̀ wú. Ó bi Àwẹ̀ró bóyá ó ti jinná. Ọjọ́ yìí ni Àwẹ̀ró kò dáhùn mọ́ rárá. Òkété dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó tẹ imú sínú èéfín náà, ó di ojú. Imú rẹ̀ rántí. Ó yọ igi lábẹ́ rẹ̀.

Ó sẹ́ ẹ, ó fi í sílẹ̀ kó tutù. Kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó máa fi jí i, ó kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ọjọ́ kìíní, kò hó. Ọjọ́ kejì, kò hó. Òkété kò jẹun, kò sì kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó gbé etí lé e, ó gbọ́ ìró kan ṣín-ín, bí ìgbà tí kòkòrò bá ń tàkìtì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ òmíràn. Òkété sunkún.

Ó rọ ọ́ sínú kèrègbè, agbọ̀n kan sí kèrègbè kan. Ọjọ́ tí oṣù máa wọ̀ gan-an ló parí. Kò tíì ronú bó ṣe máa gbé e lọ tí àwọn ẹranko fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò kọjá nínú oòrùn ọ̀sán, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń lọ sí ahoro. Ó gbé kèrègbè lé Baálẹ̀ lórí. Baálẹ̀ kò kọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó gbé e lé wọn lórí níkọ̀ọ̀kan títí dé orí ẹni kọkàndínlógún. Àwẹ̀ró ló kẹ́yìn. Orí rẹ̀ ṣófo.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ààrò, Òkété bù nínú ọtí tirẹ̀, ó mu ún níṣojú gbogbo wọn. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Kò pọn irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó da kèrègbè kìíní sílẹ̀. Ilẹ̀ mu ún. Òjìji ńlá tó ní ìwo sún kúrò lára ògiri, ó wọ́ lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ Baálẹ̀. Ó da èkejì. Ó da ẹ̀kẹta. Nígbà tó kan Ehoro, bí òjìji rẹ̀ ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí ló ti ń béèrè ẹni tó gbé kèrègbè lé òun lórí, àti ìdí tí ibẹ̀ fi ń rùn bí ilé àtijọ́.

Kèrègbè tán. Àwẹ̀ró nìkan ló kù, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ láti jókòó ti ìkòkò.

"Ó ku ọ̀kan," ni àwọn ohùn náà wí.

"Mo jẹ ẹ́," ni Òkété wí. Gbogbo ìlú gbọ́ ọ. "Ẹ gba tèmi dípò tirẹ̀."

"Ìwọ kò mu tiwa. A kò lè gba tìrẹ."

Òkété mú ahá. Ó tì í bọ inú ìkòkò tó ń hó, ó bù ú kún. Kò yí ọwọ́ sẹ́yìn. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Kò kan, kò dùn. Ó kàn tutù, títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Òjìji rẹ̀ yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà, ó jókòó ti ìkòkò. Ti Àwẹ̀ró dìde níbẹ̀, ó rìn lọ bá a.

Àwẹ̀ró ṣẹ́jú. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ta ìkòkò náà dànù, ó fi iyanrìn fọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Híhó náà dúró. Ẹyẹ kan ké lórí igi.

Ṣùgbọ́n òjìji Òkété tó jókòó tì í ti há sábẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá kan Òkété, á kọjú sí ọ̀nà ahoro, á gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí kò sí ẹni tó ní òjìji mọ́, orí rẹ̀ á pé. Ìdí nìyẹn tó fi gbẹ́ ihò, tí kì í fi í jáde ní ọ̀sán. Àwẹ̀ró a máa jókòó sẹ́nu ihò náà nírọ̀lẹ́, á máa pe orúkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn ẹranko ṣì ń gbé agbọ̀n àgbàdo síbẹ̀ fún un. Ó ń pọn ọtí nínú òkùnkùn yẹn, kò sì pa iṣẹ́ tì mọ́. Nígbà tí ọtí bá jinná, ó máa ń kọ́kọ́ mu ún. Á gbé e mì kíkankíkan, kí àwọn tó dúró lóde lè gbọ́ ọ̀fun rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ fún aráyé ní ohun mímu, kí ó jẹ́ kó kọjá ọ̀fun ara rẹ̀ ná. Iṣẹ́ tí ẹ bá sì fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ fọ ìkòkò rẹ̀, ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹlòmíràn má bàa máa bá yín ṣe é lọ.

Ibi tí àlọ́ mi bá mi dé nìyí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo pa, kó wá wo òjìji mi níta ní ìyálẹ̀ta ọ̀la. Bí mi ò bá jáde, ẹ má kan ilẹ̀kùn.